Ínsúlíìnì Tó Bá Ológbò Mu: Ohun Tí Ìtọ́jú Jagun Kọ́ Mi ní Ìlọrin

Láti ìgbà tí àwọn ará àdúgbò ti gbọ́ pé mò ń gún ológbò lábẹ́rẹ́ ínsúlíìnì, oògùn tó ń já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ìbéèrè kan ni wọ́n máa ń bi mí ṣáá: èwo ló dára jù nínú gbogbo èyí tó wà níta? N kì í dárúkọ kankan fún wọn. Mo máa ń kọ́kọ́ béèrè wákàtí mélòó tí èyí tó wà lọ́wọ́ wọn fi ń bá ológbò náà ṣiṣẹ́, àti bóyá wọ́n á tún rí i rà lóṣù tó ń bọ̀. Orí nǹkan méjì yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé. Ó wù mí kí ẹni tí àtọ̀gbẹ bá wọlé tọ ológbò rẹ̀ tètè mọ̀ ọ́n, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Jagun là ń pe ológbò tèmi. Akọ ni, a ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá láti kékeré, ó ti lé lọ́dún mẹ́sàn-án nígbà tí àìsàn náà dé, ó sì sanra. Irú wọn gan-an ni àtọ̀gbẹ máa ń mú jù nínú ológbò. Èèrà ló kọ́kọ́ tú àṣírí. Wọ́n ń ṣù bo iyanrìn tó máa ń tọ̀ sí lẹ́yìnkùlé, ẹni tó bá sì dàgbà nílé Yorùbá mọ ohun tí èèrà ń wá nídìí ìtọ̀. Lẹ́yìn náà la wá rí i pé kì í kúrò nídìí omi mọ́, pé ó ń jẹun àjẹìdábọ̀ síbẹ̀ eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ń yọ, àti pé gìgísẹ̀ ló fi ń tẹ ilẹ̀ tó bá ń rìn. Ṣúgà tó bá pọ̀ jù fún ìgbà pípẹ́ máa ń ba iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀ wọn jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìlọrin ní àǹfààní kan tí ọ̀pọ̀ ìlú kò ní. Yunifásítì Ìlọrin ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà ẹranko, nítorí náà èèyàn lè rí ẹni tó mọ̀ nípa ológbò, tí kì í ṣe màlúù àti adìẹ nìkan ló ń tọ́jú. Dókítà tó rí Jagun kò fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo dájọ́. Ó ní ìbẹ̀rù nìkan tó láti gbé ṣúgà ológbò tí ara rẹ̀ le lọ sókè gan-an. Ó yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò pẹ̀lú. Ó béèrè bóyá wọ́n ti gún un ní abẹ́rẹ́ steroid rí nítorí ara yíyún, torí pé oògùn yẹn lè dá àtọ̀gbẹ sílẹ̀ lára ológbò. Ó la ẹnu rẹ̀, ó wo eyín. Eyín tó bá ń kẹ̀ lè mú kí ínsúlíìnì má ràn án bó ṣe yẹ.

Insulatard la fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló wọ́pọ̀ ní àwọn kẹ́mísì tí mo mọ̀. NPH ni àwọn dókítà ń pe irú rẹ̀. Ó funfun, ó máa ń sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò, èèyàn á sì ní láti yí ìgò náà jẹ́jẹ́ láàrin àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kó tó fà á. Ó ń ṣe èèyàn láǹfààní fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ṣùgbọ́n ara ológbò ń lo ínsúlíìnì tán kíákíá ju tiwa lọ. Aago mẹ́fà àárọ̀ àti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ la ń gún Jagun. Omi tó ń mu dín kù díẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí n tó gún un, ṣúgà náà á ṣì wà lókè téńté. Ẹnikẹ́ni tó bá rí irú èyí, ohun tí ọkàn rẹ̀ á sọ fún un ni pé kó fi kún oògùn. Dókítà ní ká má tíì fọwọ́ kan ìwọ̀n rẹ̀, ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàrin abẹ́rẹ́ kan sí èkejì.

Mo yọ̀ǹda odidi ọjọ́ kan fún un, n kò lọ sọ́jà. Wákàtí méjì méjì ni mo ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Etí ni wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ ológbò nílé. Màá fi aṣọ tí mo rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ di etí náà mú títí yóò fi gbóná, màá fi owú ti ẹ̀yìn rẹ̀ kí abẹ́rẹ́ má baà yọ sí mi níka, màá wá gún un fírí ní bèbè òde, níbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ wà. Ẹ̀jẹ̀ tó ń yọ kò ju orí ìṣáná lọ, sítíríìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ àyẹ̀wò ṣúgà á sì fà á mu fúnra rẹ̀. Jagun kì í jà, tó bá ti rí ẹran adìẹ lọ́wọ́ mi kejì. Ẹ̀yìn ìwé ìnáwó mi ni mo kọ ohun tí mo rí sí. Kí n tó gún un, 372 mg/dl. Lẹ́yìn wákàtí méjì, 215. Lẹ́yìn mẹ́rin, 94. Ní wákàtí kẹfà ó ti padà sí 188, ní ìkẹjọ ó di 310, nígbà tí wọ́n fi máa pe ìrun màgàríbì ó ti lé ní 380.

Ẹ wò ó dáadáa. Oògùn náà kò kéré. Ó ń ṣiṣẹ́, ó tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ gan-an láàrin wákàtí díẹ̀, lẹ́yìn náà ó tán. Bí òjò àkọ́rọ̀ ló rí: á ya lulẹ̀ kíkankíkan, kí ilẹ̀ tó mu ún dé ìsàlẹ̀, ó ti dá. Ká ní a fi kún un nítorí 372 àárọ̀ yẹn, ibi tí ṣúgà ti wà ní 94 ló máa kọ́kọ́ jábọ́ sínú ewu, ti àárọ̀ kò sì ní yí padà. Irú ínsúlíìnì náà ló yẹ ká pààrọ̀, kì í ṣe iye rẹ̀. Ìwé tí mo fi bírò kọ yẹn ló fi èyí hàn wá. Bí mo bá kàn ń yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ nìkan, kò sí bí a ṣe lè mọ̀.

Kí n tó kúrò lórí ẹ̀rọ àyẹ̀wò: àwọn tí wọ́n ṣe fún èèyàn, irú Accu-Chek, sábà máa ń ka ṣúgà ológbò sísàlẹ̀ ju bó ṣe rí lọ. AlphaTrak ni wọ́n ṣe fún ẹranko, ṣùgbọ́n sítíríìpù rẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rí rà ládùúgbò. Ti èèyàn ni mò ń lò, dókítà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ń fi ojú ìyẹn wo gbogbo nọ́ńbà tí mo bá mú wá. Ẹ má kàn ṣe lo ẹ̀rọ kan lónìí kí ẹ lo òmíràn lọ́la.

Ohun mìíràn wà tí kò jẹ́ ká fi ìpààrọ̀ náà falẹ̀. Ìwádìí kan jáde ní 2009 lórí ológbò 55 tí wọ́n ń fi glargine, irú ínsúlíìnì kan tó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, tọ́jú, tí àwọn tó ni wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò dáadáa nílé. Ìdá 64 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló dé ibi tí wọn kò nílò ínsúlíìnì mọ́. Nínú àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí oṣù mẹ́fà tó pé tí wọ́n ti mọ àìsàn náà, ìdá 84 ni. Nínú àwọn tó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ìdá 35. Àìsàn ológbò jọ irú àtọ̀gbẹ tó ń mú àgbàlagbà èèyàn. Ohun tó ń pèsè ínsúlíìnì nínú ara wọn kò tíì kú tán, ṣúgà tó pọ̀ ló bò ó mọ́lẹ̀. Bí a bá tètè gbé ẹrù náà kúrò lórí rẹ̀, ó lè tún gbérí. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, gbogbo oṣù tó bá kọjá lójú mi di ohun iyebíye.

Èwo wá ni ká mú? Caninsulin ni ẹnì kan kọ́kọ́ fẹ́ bá mi rà láti Èkó. Oògùn ẹranko gidi ni, ọ̀pọ̀ dókítà sì fọkàn tán an. Ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń rí i. Ínsúlíìnì ẹlẹ́dẹ̀ kò yàtọ̀ rárá sí ti ajá, ìdí nìyẹn tó fi bá ajá lára mu tó bẹ́ẹ̀. Ti ológbò sún mọ́ ti màlúù jù. Ọkọ mi gbọ́, ó ní, "Ìyá Ràmátù, ẹlẹ́dẹ̀ kẹ̀, nínú fíríìjì wa?" Mo dá a lóhùn pé, "Bàbá Ràmátù, bó bá jẹ́ òun nìkan ló lè gba ẹ̀mí ẹranko tí Ọlọ́run fi sí wa níkàáwọ́ là, màá lò ó." Mo sì fi tọkàntọkàn sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó lé mi sẹ́yìn kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀. Síríǹjì ni.

Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí dúró níbí díẹ̀. Ínsúlíìnì èèyàn tó wà ní kẹ́mísì wa, U-100 ni: yúnìtì 100 ló wà nínú mílílítà kan. Caninsulin àti ProZinc tí wọ́n ṣe fún ẹranko, U-40 ni: yúnìtì 40 ló wà nínú mílílítà kan. Ọ̀tọ̀ ni síríǹjì tí wọ́n fi ń fa ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìlà ara wọn kò sì dọ́gba. Ẹni tó bá fi síríǹjì U-40 fa ínsúlíìnì U-100 dé ìlà kejì, yúnìtì márùn-ún ló fà yẹn, ìyẹn sì lè pa ológbò. Ẹni tó bá fi síríǹjì U-100 fa ti U-40 dé ìlà kejì kan náà, kò pé yúnìtì kan tó fún un, ológbò á sì máa ṣàìsàn lọ bí ẹni tí kò gba oògùn. Gbogbo síríǹjì ínsúlíìnì tí mo rí ní Ìlọrin, U-100 ni. N kò lè gbé ínsúlíìnì tí mi ò ní máa rí síríǹjì rẹ̀ rà wọ inú ilé tí èmi nìkan kọ́ ló ń gún abẹ́rẹ́. Ràmátù máa ń gún un nígbà tí mo bá lọ sí Òmù-Àrán. Nítorí náà mo yọ ọwọ́ nínú Caninsulin, mo sì yọ ọ́ nínú ProZinc, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ológbò gan-an ni wọ́n ṣe ìyẹn fún.

Levemir pẹ̀lú dára fún ológbò, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ti dá títà rẹ̀ dúró ní Amẹ́ríkà ní 2024, n kò sì fẹ́ gbé Jagun lé ohun tó ń kásẹ̀ nílẹ̀. Àbúrò mi tó wà lókè òkun ní òun lè fi oògùn oníhóró tuntun ránṣẹ́, Bexacat, tí àwọn aláṣẹ oògùn Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ìparí 2022. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ológbò tí kò tíì gba ínsúlíìnì rí ni wọ́n ṣe é fún, ó sì lè dá májèlé kan tí wọ́n ń pè ní ketone sílẹ̀ lára ẹni tí oògùn náà kò bá mu. Jagun ti kọjá ibẹ̀.

Ti Mixtard ló gba ọ̀rọ̀ jù. Ìyá ọkọ mi ń lò ó, nítorí náà ojoojúmọ́ ni ẹnì kan ń sọ pé kí n bu díẹ̀ nínú ti Màmá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú kẹ́mísì pàápàá sọ bẹ́ẹ̀.

"Màmá, ẹ kúkú mú Mixtard. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn."

"Ọmọ mi, kì í ṣe ọ̀kan náà. Oríṣi méjì ni wọ́n pò pọ̀ síbẹ̀. Ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni èyí tó ń yára ṣiṣẹ́, ìyókù sì jọ Insulatard tí mò ń sá fún."

"Ta ló ń lò ó gan-an, mà?"

"Ológbò mi ni."

Ó dákẹ́, ó wò mí, ó wá ní, "Ẹ jẹ́ kí n wò ó bóyá Lantus ṣì kù." Ọmọ dáadáa ni. Láti ọjọ́ náà ló ti ń bá mi tọ́jú ẹyọ kan sílẹ̀.

Lantus ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ mọ̀ fún glargine. Ó mọ́ kedere bí omi mímu. Tó bá wọ abẹ́ awọ, ó máa dì wẹ́wẹ́ síbẹ̀, á wá máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyí tí kì í fi já ṣúgà lulẹ̀ lójijì. Nítorí pé orí bí omi rẹ̀ ṣe kan díẹ̀ ni iṣẹ́ yẹn dúró lé, a kò gbọ́dọ̀ bomi là á, a kò gbọ́dọ̀ pò ó mọ́ òmíràn nínú síríǹjì, a kì í sì í gbọ̀n ọ́n. Sanofi tó ń ṣe é gbé títà àwọn oògùn rẹ̀ ní Nàìjíríà lé ọwọ́ alágbàtà ní 2024, owó rẹ̀ sì le ju ti Insulatard lọ dáadáa. Ohun tó mú un rọrùn fún mi ni pé ológbò kì í lò tó èèyàn. Péènì kan, ìyẹn ohun ìgúnabẹ́rẹ́ tó rí bíi bírò, ní yúnìtì 300 nínú, mo sì ń rí olóògùn tó ń ta ẹyọ kan fún mi nínú páálí.

Ṣùgbọ́n péènì náà kò lè wọn ìdajì yúnìtì, ìdajì yẹn sì wà lára ohun tí ológbò nílò. Dókítà kọ́ mi láti máa fi síríǹjì U-100 kékeré, èyí tó ní ìlà ìdajì lára, fa oògùn náà láti inú kátíríìjì rẹ̀, ìgò kékeré inú péènì, láìfẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra gidi fún Toujeo. Glargine lòun náà, ilé iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n yúnìtì 300 ló wà nínú mílílítà rẹ̀ kan. Bí èèyàn bá fi síríǹjì fà á bí ẹni ń fa Lantus, ìlọ́po mẹ́ta ló fún ológbò yẹn.

Ọjọ́ tí a pààrọ̀ rẹ̀, yúnìtì mẹ́ta Insulatard ni Jagun ń gbà. Yúnìtì kan Lantus ni dókítà ní ká fi bẹ̀rẹ̀, láàárọ̀ àti lálẹ́. Gbogbo ilé ló ń sọ pé ó kéré. Ìwọ̀n ti àtijọ́ kì í tẹ̀ lé èèyàn lọ sí ínsúlíìnì tuntun. Ìsàlẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tí kò gbà á rí. Alẹ́ ọjọ́ kan ló gba Insulatard kẹ́yìn, àárọ̀ ọjọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀ èyí. A ti yí oúnjẹ rẹ̀ padà ṣáájú, torí pé dókítà kò fẹ́ ká pààrọ̀ oúnjẹ àti ínsúlíìnì lẹ́ẹ̀kan náà: oúnjẹ nìkan lè já ṣúgà wálẹ̀, a kò sì ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Kò sí tùwó mọ́, kò sí oúnjẹ gbígbẹ inú àpò. Ẹran adìẹ sísè, ọkàn màlúù láti ọjà Ìpàta, ẹyin àti ṣáwá tí a sè ló ń jẹ, pẹ̀lú ohun afúnralókun tí dókítà kọ fún un, nítorí ẹran lásán kò pé fún ológbò.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le fún mi. Glargine gbọ́dọ̀ kó ara rẹ̀ jọ lábẹ́ awọ fún ọjọ́ bíi márùn-ún sí méje kó tó fi bó ṣe máa rí hàn. Ṣúgà náà wà ní 300 lé láàárọ̀, 300 lé lọ́sàn-án, 300 lé lálẹ́. Síbẹ̀ inú mi dùn sí ohun kan: kò fò sókè, kò já sílẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ náà a fi ìdajì yúnìtì kún un, a tún dúró. Nígbà tó yá, 260, lẹ́yìn náà 210, lẹ́yìn náà ó ń sáré láàrin 120 sí 180 látàárọ̀ dé alẹ́. Omi inú abọ́ rẹ̀ kì í tán mọ́. Èèrà kọ iyanrìn náà sílẹ̀.

Àsìkò yìí gan-an ni kí ẹ ṣọ́ra jù, nítorí ara tó ń yá kì í nílò iye oògùn tó ń gbà tẹ́lẹ̀. Nígbà ààwẹ̀, tí a jí fún sààrì, mo yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí n tó gún un, mo bá 88. Mo fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, mo fún un lóúnjẹ, mo sì pe dókítà nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Ó dín in kù sí ìdajì yúnìtì. Bí ó bá ti lọ sísàlẹ̀ 60 ni, tàbí tí ológbò bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tó ń gbọ̀n, tó ń wò bí ẹni tí kò rí èèyàn, oyin ni kí ẹ fi ìka rá sí erìgì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ fún un lóúnjẹ tó bá lè gbé e mì, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ìgò oyin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì wa tí ẹnikẹ́ni kì í fi jẹ búrẹ́dì.

Ti fíríìjì náà: iná NẸ́PÀ kò dájú, ooru oṣù kẹta ní Ìlọrin kì í sì í ṣeré. Péènì tí a ti ṣí kò gbọ́dọ̀ wà níbi tó gbóná ju 30°C lọ, yìnyín sì ń bà á jẹ́ pátápátá. Bí iná bá lọ pẹ́, inú ìkòkò amọ̀ kékeré tó wà nínú ńlá, tí iyanrìn tútù wà láàrin wọn, ni mo máa ń gbé e sí. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ láti Jigawa, ló sọ irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ di mímọ̀ kárí ayé, ó sì gba ẹ̀bùn Rolex fún un ní 2000. Nítorí ewébẹ̀ àwọn àgbẹ̀ ló ṣe é, ó sì ti wúlò fún mi gan-an.

Jagun ṣì wà lórí ìdajì yúnìtì. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀, ó sì tún ti ń fo orí ògiri. Láìpẹ́ yìí ni obìnrin kan pè mí láti Ọ̀fà pé òun ti ń wá Lantus kiri, òun kò rí, kí n bá òun rà á ní Ìlọrin. Mo bi í léèrè ohun tí ológbò rẹ̀ ń lò. Ó ní Insulatard. Mo ní, báwo ni ara rẹ̀? Ó ní ó ti ń sanra padà, kò mu omi àmujù mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún òun pé Lantus ló dára jù. Mo ní, "Àǹtí, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Àwọn ológbò kan wà tí Insulatard ń bá dé alẹ́. Ẹ mú ọjọ́ kan, kí ẹ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní wákàtí méjì méjì títí ilẹ̀ á fi ṣú, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ gbé ìwé náà lọ fún dókítà yín." Ó ní ẹ̀rù etí gígún ń ba òun. Mo ní kó gbé ológbò náà wá lọ́jọ́ Sátidé, kí n fi hàn án.